Kí Tóyìn Tó Dé Iwájú Ìgbìmọ̀

Mahintedo,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Adébímpé ọmọ mi,

Màmá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nítorí náà mo kí ọ. Ṣé o ń jẹun? Ṣé ara le? Àwa wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Ẹ̀yìn ń ro mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ti ń tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láti ọjọ́ yìí wá, bí kò bá ro mí, ẹ̀rù ni ì bá bà mí. Ìkíni parí.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà sórí ìwé bí ẹni pé fóònù ti tán láyé. Fóònù kò gba ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá pè ọ́, wàá máa sunkún, èmi náà á máa wí pé "ó ti tó, ó ti tó", a ó sì parí rẹ̀ síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà nìyẹn. Jókòó, kí o ka èyí tán, má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọ nínú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ fún mi sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Ilé-iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ní Àkúrẹ́ yìí ló ń rán ọkọ̀ ìlera káàkiri ẹkùn odò wa, tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ń bá a wá. Wọ́n ní ìkànnì kan lórí ayélujára tí wọ́n ti ń kéde ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ àti ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa kọ ìkéde wọ̀nyí sínú ẹ̀rọ tó ń darí ìkànnì náà, kí o máa tò wọ́n, kí o máa fi àwòrán sí wọn. O ṣì ń kọ́ ọ ni. Wọn kò tíì fún ọ ní páásíwọ́ọ̀dù tìrẹ, ni Tóyìn tí ẹ jọ ń lo yàrá kan níbi iṣẹ́ bá yá ọ ní tirẹ̀ kí o lè fi máa dánra wò. O wá kọ ìkéde ìdánrawò kan pé ọkọ̀ ìlera kò ní wá sí Etikan lọ́jọ́bọ̀. Dípò kí o tẹ bọ́tìnnì tó ń fi nǹkan pamọ́, èyí tó ń gbé e jáde fún gbogbo ayé lo tẹ̀, o sì dìde lọ jẹun. Àwọn ará Etikan kà á lórí fóònù wọn, wọ́n jókòó sílé. Ọkọ̀ dé lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò bá ẹnì kankan ní èbúté. Àwọn aláboyún tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn arúgbó tó ń retí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn pàdánù, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ yẹ inú ẹ̀rọ wò, orúkọ Tóyìn ni wọ́n bá níbẹ̀. Tóyìn ní òun kọ́. Kò dárúkọ rẹ. O ní ó kàn wò ọ́ lójú ni, ìwọ náà sì dákẹ́. Wọ́n ti ní kó wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé, gbogbo yín sì mọ̀ pé lílé ni wọ́n fẹ́ lé e. Ìwọ wá sọ fún mi pé o fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kí o padà wálé, kí ọ̀rọ̀ náà lè kú.

Kò ní kú, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn kan tí màmá rẹ pàápàá kò gbọ́ lẹ́nu mi rí, àfi lọ́jọ́rú tó kọjá yìí.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé, mo sì rò pé kò sí ẹni tó mọ ìwé tó mi ní gbogbo Mahintedo. Pátákó dúdú kan wà ní èbúté wa, tí wọ́n kàn mọ́ òpó méjì. Ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Olú ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní àràárọ̀, á wo omi, á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ojú odò bọ̀, á sì fi ẹfun ìkọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀: ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbokoda àti ìgbà tí yóò gbéra, ibi tí koríko ojú omi ti dí ọ̀nà, ẹni tó kú, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò mọ̀wé á rán ọmọ rẹ̀ lọ kà á wá. Ohun tí pátákó bá wí ni ìlú ń ṣe. Ọ̀gá Olú gbà mí síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ kìíní tó sì sọ fún mi ni pé, "Wò ó, èyí kì í ṣe síléètì o. Bí o bá fẹ́ kọ́ ọwọ́, lọ kọ ọ́ sára ọkọ̀ tó ti gbó."

Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkùnrin náà dára! Bí mo ṣe máa kọ ọ́ bíi tirẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ kan, ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ kí àna ní Ode Ugbo, ó ku èmi nìkan. Mo ní lónìí ni n ó kọ ọ́ bíi tirẹ̀. Mo mú ìkéde àtijọ́ kan, mo dà á kọ sójú pátákó: "Koríko ti dí ẹnu odò. Ọkọ̀ kankan kò ní lọ sí Igbokoda lọ́la." Mo fa ìlà yí i ká. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn bí ẹni tó pa ẹja ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi pè mí pé kí n wá jẹ púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó. Mo ní tí mo bá jẹun tán n ó padà wá nù ún. Ìwọ náà mọ bí púpurú ṣe ń wúwo níkùn. Mo sùn lọ fọnfọn.

Ìgbà tí mo jí, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Mo sáré lọ, mo nù ún, n kò rí ẹnì kankan, mo ní ó ti tán. Àṣé gbogbo ìlú ti kà á. Ọjọ́ kejì ni ìdánwò àṣejáde ní Igbokoda, ọmọ mẹ́ta láti ìlú wa ló yẹ kó bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ. Àwọn ará ilé wọn kò jí wọn. Ọkọ̀ gbéra, àyè mẹ́ta ṣófo nínú rẹ̀. Ìdánwò yẹn di ọdún kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò sì tún padà sídìí ìwé mọ́ láéláé.

Ìlú pé jọ. Wọ́n ní ta ló kọ ọ́? Gbogbo ẹni tó kà á ló ní ọwọ́ Ọ̀gá Olú ni. Mo ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ yàtọ̀. Ó ní òun wà ní Ode Ugbo. Wọ́n ní ó kọ ọ́ kó tó gbéra ni, agbára ọtí àna ló mú un gbàgbé. Ọkùnrin tí kì í mutí! Ó yí ojú padà, ó wò mí. Èmi wo omi. Àbẹ̀kẹ́, mo dúró níbẹ̀ bí òpó, mo ń wo omi títí ìpàdé fi tú. Wọ́n gba pátákó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé èmi lọ́wọ́. Kí ọdún tó yí, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù wọn sọ́kọ̀, wọ́n ṣí lọ sí Etikan.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú pátákó yẹn. Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Bí wọ́n bá ti ń yìn mí, ṣe ni inú mi ń bàjẹ́. Nígbà tó yá mo fi í sílẹ̀, mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kì í wo ènìyàn lójú. Ìdí tí bàbá rẹ fi di mẹkáníìkì nìyẹn. O máa ń rò pé mo fẹ́ràn òórùn epo ni.

Ó dára, jẹ́ kí n wá kà á ní méjì ní mẹ́ta fún ọ.

Èkíní, má ṣe fi ìkànnì tí ayé ń wò kọ́ṣẹ́. O ní yàrá kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ènìyàn lè kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i títí o fi máa ṣe tán. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò jókòó sínú rẹ̀, o ní kò dà bí iṣẹ́ gidi. Bẹ́ẹ̀ gan-an lèmi náà ṣe rò nípa ara ọkọ̀ tó gbó. Ojú ènìyàn ló ń wù wá kí ọwọ́ wa tó mọ iṣẹ́. Lo yàrá yẹn, ọmọ mi. Bí o bá sì ń dánra wò, kọ ohun tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Kọ pé bàbá rẹ ń jó. Bó bá jáde, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín.

Èkejì, má fi orúkọ ẹlòmíràn wọ ibikíbi mọ́, ìbáà jẹ́ pé òun ló fi tìfẹ́tìfẹ́ yá ọ. O mọ àṣà wa lórí omi: olúkúlùkù ló ní àmì tirẹ̀ lára ohun tó ń gbé àwọ̀n rẹ̀ léfòó, o kò sì gbọdọ̀ fa àwọ̀n tí àmì rẹ kò sí lára rẹ̀. Ọdún tí mo fẹ́ màmá rẹ, mo rí àwọ̀n bàbá rẹ̀ tí omi fẹ́ gbé lọ. Mo ní kí n ṣe àna mi lóore, mo fà á sínú ọkọ̀, mo gbé e lọ fún un. Ẹja méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ni bàbá náà rín sí mi, ṣùgbọ́n títí ó fi kú ló fi ń bi màmá rẹ bóyá ẹja méjì náà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ire ni mo fẹ́ ṣe, ìfura ni mo gbé wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, béèrè páásíwọ́ọ̀dù tìrẹ. Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta: kí o tó gbé ọ̀rọ̀ jáde, kà á fún ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí pátákó wà lọ́wọ́ mi, mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ọkọ̀ yóò gbéra nígbà tí omi bá kún. Ìyá Àbẹ̀ní, tó máa ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, kò mọ̀wé, ló bá ní kí n kà á fún òun. Mo kà á tán, ó ní, "Ìkún ti àárọ̀ ni àbí ti ìrọ̀lẹ́?" Haa! Ẹ̀ẹ̀mejì lomi ń kún lóòjọ́. Èmi mọ èyí tí mo ní lọ́kàn, mo rò pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, n kò kọ nǹkan kan kí n má kà á fún Ìyá Àbẹ̀ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá ṣàtúnṣe ìkéde tán, á tún ṣàtúnṣe aṣọ tí mo wọ̀. O ní ẹ̀rọ yín ní ibi tí ènìyàn ti lè wo ojú ìwé náà ná bí ayé ṣe máa rí i. Ó dára, wò ó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, pe aṣọ́nà tàbí ìyá tó ń gbálẹ̀, kà á fún un. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, n kò mọ ibi tí mo kà dé mọ́. Àwòrán mi tí o gbé sórí ìkànnì yín níjọ́sí, èyí tí mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì tó ya tún ẹ́ńjìnnì ṣe. O dàgbà tán o kò lè béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ? Òótọ́ ni pé o yọ ọ́ kíá nígbà tí mo bínú. Ṣùgbọ́n kí o tó yọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ode Ugbo ti rí i, títí di òní ló ń bi mí bóyá kí òun fi síńgílẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ohun tí o bá yọ kúrò lójú ẹ̀rọ kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. O fi ìgboyà sọ fún mi pé o ti pa ìkéde Etikan yẹn rẹ́. Èmi náà nu pátákó. Bó bá jẹ́ pé dípò kí n nù ún kí n sì sá, mo ti lọ láti ilé dé ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí n máa ké pé "Ìdánrawò ni o! Ọkọ̀ ń lọ lọ́la!", àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ì bá ṣe ìdánwò wọn. Wọn ì bá bú mi, wọn ì bá pè mí ní òmùgọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà kọ òmíràn. Kọ ọ́ ketekete pé ìkéde yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, pé àṣìṣe ni, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Bẹ àwọn ọ̀gá rẹ kí wọ́n dá ọkọ̀ padà sí Etikan kí oṣù tó pé. Arúgbó tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán kò lè fi oṣù kan dúró de ìtìjú rẹ.

Má sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀; sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ìwọ lo kọ ọ́. Bí o bá lọ ní ìdákẹ́jẹ́, Tóyìn ni wọ́n máa lé, wọ́n á sì máa sọ pé Bímpé ọmọ dáadáa ló fúnra rẹ̀ lọ. O lè gbé ìyẹn? Èmi gbé e. Ó wúwo. Bí ènìyàn kò bá ṣubú, kì í mọ ẹrù dì. O ti ṣubú báyìí, ó tó àkókò kí o mọ ẹrù dì, kí o kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì.

Bóyá ìwọ ni wọ́n máa wá lé. N kò ní parọ́ fún ọ, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti wáṣẹ́ títí kí o tó rí èyí, mo sì mọ bí inú wa ti dùn tó lọ́jọ́ tí o pè. Bí wọ́n bá lé ọ, wálé, ilé bàbá rẹ ni. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ju bí o ti fẹ́ dáhùn lọ. Ṣùgbọ́n kí o wálé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ òótọ́.

Ó wá ku èyí tó le jù.

Lẹ́yìn tí o pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè jẹun. Mo ti fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, mo wá rí i pé kò sí ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Lọ́jọ́rú mo sọ ohun gbogbo fún màmá rẹ. Kò bú mi. Ó dìde, ó di ẹja gbígbẹ sínú àpò kan, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Kí lo tún ń dúró dè?" Lánàá, ọjọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀, mo forí lé Etikan.

Mo bá Ọ̀gá Olú lójú ilé rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ fún un ẹni tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó níbẹ̀, èmi tí ẹ̀yìn ń ro. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí Ode Ugbo. Èmi ni."

Ó wá ní, "Mo mọ̀. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn ni mo ti mọ̀."

Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́, Ọ̀gá?

Ó ní, "Mo rò pé tó bá di ọjọ́ kejì, wàá sọ ọ́ fúnra rẹ."

Ohun kan wà tí n kò kọ sókè, nítorí pé ojú ń tì mí. Ọmọ tí kò padà sídìí ìwé mọ́ yẹn, àbúrò ìyàwó Ọ̀gá Olú tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí wọn ní Mahintedo ni. Ọ̀gá Olú fúnra rẹ̀ ló sọ bí ó ṣe rí lára ìyàwó rẹ̀ fún mi lánàá. Ó ní ìyàwó òun ṣe ojúṣe rẹ̀ nínú ilé, ó se oúnjẹ, ó bímọ, ó tọ́ wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò bá òun rẹ́rìn-ín mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó gbà pé ọkọ òun ló ba ayé àbúrò òun jẹ́, tó sì tún ń parọ́ lé e. Ìyàwó náà kú lọ́dún tó kọjá.

Bàbá arúgbó náà fi ọwọ́ wá orí mi títí ó fi rí i, ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Mo dárí jì ọ́. Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Òun ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ."

Mo sunkún, Àbẹ̀kẹ́. N kò ní tijú láti sọ ọ́ fún ọ, mo sunkún bí ọmọdé níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún kan péré ni mo fi pẹ́. Nínú gbogbo ọdún tí mo ní lọ́wọ́.

Ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Igbokoda láàárọ̀ ọ̀la ni n ó fún ní lẹ́tà yìí, á fi lé awakọ̀ Àkúrẹ́ lọ́wọ́, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Ọlọ́run á fún ọ ní ẹnu tí wàá fi sọ ọ́. Bí o bá ti kà á tán, má pè mí. Wọ bàtà rẹ, kí o lọ sílé Tóyìn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.